Òfófó Agboolé Shaolin

Ẹ fa àga yín súnmọ́ mi díẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí mo gbé dání kì í ṣe ọ̀rọ̀ àsọpariwo. Ṣé ẹ rántí bàbá onírùngbọ̀n, ẹlẹ́yinjú ràgàjì, tí wọ́n máa ń ya àwòrán rẹ̀ sára ògiri níbi tí wọ́n ti ń kọ́ kung fu? Bodhidharma lorúkọ rẹ̀. Damo ni àwọn ará Ṣáínà ń pè é. Wọ́n ní Íńdíà ló ti wá. Wọ́n ní ó jókòó, ó kọjú sí ògiri fún ọdún 9 gbáko lórí òkè Song, nítòsí tẹ́ḿpìlì Shaolin. Wọ́n ní nígbà tó bojú wẹ̀yìn, tó rí i pé àjókòópẹ́ ti sọ àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ di aláìlókun, ó dìde, ó kọ́ wọn ní ìjà. Ìtàn náà dùn. Àléébù kan ṣoṣo tó ní ni pé Damo fúnra rẹ̀ kò gbọ́ sí i. Ó ti lé ní ẹgbẹ̀rún ọdún tí bàbá náà ti kú kí ẹnikẹ́ni tó so orúkọ rẹ̀ mọ́ ọ̀rọ̀ iṣan àti agbára.

Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀. Èmi kọ́ ni mo sọ ọ́. Àwọn ọ̀mọ̀wé kan wà tó jẹ́ pé iṣẹ́ oúnjẹ òòjọ́ wọn ni kí wọ́n máa tú ìdí ìtàn ìjà àwọn ará Ṣáínà. Òfófó ni wọ́n ń ṣe, àmọ́ òfófó tó ní ìwé lọ́wọ́. Èmi tí mò ń ṣe tèmi lọ́fẹ̀ẹ́ nínú agboolé yìí, ẹ ní ẹnu mi kò níbodè. Àwọn tó ń ṣe é ní yunifásítì, ẹ ń pè wọ́n ní ọ̀jọ̀gbọ́n. Ó dáa, ọ̀rọ̀ ọjọ́ mìíràn nìyẹn.

Ẹ̀yin náà ò sì mọ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ta ni kò wo fíìmù Bruce Lee nínú yín? Ọkùnrin yẹn kú ní 1973, síbẹ̀ títí dòní àwọn ọmọ agboolé yìí ṣì ń fi ìka nu imú bíi tirẹ̀ kí wọ́n tó jà. Fíìmù The 36th Chamber of Shaolin dé ní 1978. Èyí tí Jet Li ṣe, Shaolin Temple, jáde ní 1982, inú ọgbà tẹ́ḿpìlì náà gan-an ni wọ́n ti yà á. Ìyá Bísí, ẹ má rẹ́rìn-ín o, ẹ̀gbọ́n Bísí ló fò láti orí odi ẹ̀yìnkùlé tó já bọ́ sínú ìkòkò àgbo Ìyá Àgbà. Gbogbo wọn ló gbà pé bí fíìmù ṣe wí ni ìtàn rí.

Níbo ni mo bá a dé? Ẹ̀hẹ̀n, Shaolin.

Tẹ́ḿpìlì náà wà lóòótọ́, ní ìpínlẹ̀ Henan. Ọdún 495 ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ dó, ẹni tí ọba sì kọ́ ọ fún ni mọ́ńkì ará Íńdíà kan tó ń jẹ́ Batuo. Batuo ni mo wí o, kì í ṣe Damo. Ní 621, ogun ń lọ lọ́tùn-ún lósì, ìdílé Tang ṣẹ̀ṣẹ̀ ń du ìtẹ́. Ọmọ ọba wọn, Li Shimin, ń bá ọ̀gágun kan tó ń jẹ́ Wang Shichong fà á. Ilẹ̀ oko kan wà tí wọ́n ń pè ní Àfonífojì Sípírẹ́sì, tí ọba àtijọ́ ti ta tẹ́ḿpìlì lọ́rẹ, ni àwọn ọmọ ogun Wang Shichong bá lọ pàgọ́ sórí rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ilẹ̀! Ṣé ẹnì kan tún níláti ṣàlàyé ìyẹn fún Yorùbá? Àwọn mọ́ńkì gbé ìwé àdúrà sílẹ̀, wọ́n kọlu àgọ́ náà, wọ́n mú ọmọ ẹ̀gbọ́n ọ̀gágun náà láàyè, wọ́n sì fà á lé Li Shimin lọ́wọ́. Nígbà tí Li Shimin borí, kò gbàgbé wọn. Ó fún wọn ní ilẹ̀ wọn padà, ó fi ọlọ ńlá kan tí omi ń yí kún un, ó sì sọ ọ̀kan nínú wọn di ọ̀gágun.

Báwo la ṣe mọ̀? Òkúta ni. Òkúta ìrántí kan wà nínú ọgbà tẹ́ḿpìlì náà láti 728, wọ́n gbẹ́ lẹ́tà ọmọ ọba sí i, wọ́n tún gbẹ́ orúkọ tó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ sábẹ́ lẹ́tà náà mọ́ ọn. Orúkọ àwọn mọ́ńkì 13 tó jagun wà níbẹ̀. Meir Shahar, ọ̀jọ̀gbọ́n ní yunifásítì Tel Aviv, ṣe ìwé ńlá kan lórí Shaolin ní 2008, ó tú òkúta yẹn wò fínnífínní. Ẹ gbọ́ ohun tó rí níbẹ̀: òkúta sọ pé wọ́n jà, ó sọ ẹni tó jà, ó sọ ilẹ̀ tí wọ́n jèrè. Kò sọ pé ẹnikẹ́ni kọ́ wọn níjà nínú tẹ́ḿpìlì. Kò mẹ́nu kan ẹ̀ṣẹ́, kò mẹ́nu kan ìpá. Kò sì dárúkọ Damo pé ó fi ìjà kankan sílẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n yà sí ilé ìdáná díẹ̀, torí ilé ìdáná ni òfófó gidi wà.

Òkúta mìíràn tún wà ní Shaolin, ti 1517. Ìyẹn ròyìn pé láyé àtijọ́, àwọn ọlọ́tẹ̀ tó ń wé aṣọ pupa mórí wá ká tẹ́ḿpìlì mọ́. Gbogbo àwọn mọ́ńkì ń gbọ̀n. Ni ọkùnrin kan tí wọ́n ní kó máa dáná, tí kò sẹ́ni tó kà á sí, bá yọ láti ilé ìdáná tòun ti ọ̀pá tó fi ń ko iná. Ó gùn, ó ga, ó di òmìrán, ó dúró lórí òkè méjì lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn ọlọ́tẹ̀ fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Ìgbà yẹn ni wọ́n tó mọ̀ pé òrìṣà kan tó ń jẹ́ Jinnaluo ló fi ara pamọ́ sínú alásè. Ó dáa. Shahar lọ wo àwọn àkọsílẹ̀ mìíràn, ó ní àwọn ọlọ́tẹ̀ yẹn wọlé, wọ́n kó tẹ́ḿpìlì, àwọn mọ́ńkì sì sá lọ. Àwọn arọ́pò àwọn tó sá lọ ni wọ́n padà wá gbẹ́ òkúta! Tèmi ni pé bí irọ́ bá tilẹ̀ pọ̀ nínú ìtàn yẹn, ọ̀pá inú rẹ̀ kì í ṣe irọ́. Ọ̀pá ni ohun ìjà tí a mọ Shaolin mọ́ láyé ìdílé ọba Ming. Alásè tó dáàbò bo ilé fi ọ̀pá dáàbò bò ó.

Ẹ wá gbọ́ ti Tianyuan, kí ẹ lè mọ̀ pé ìtàn tòótọ́ dùn ju ti fíìmù lọ.

Ní 1553, àwọn ajalèlókun ń da etíkun Ṣáínà láàmú. Ìjọba ní kí àwọn mọ́ńkì wá ran ogun lọ́wọ́. Wọ́n dé láti oríṣiríṣi tẹ́ḿpìlì, ìjà ipò sì bẹ̀rẹ̀ kí ìjà ogun tó bẹ̀rẹ̀, bí ó ti máa ń rí ní gbogbo ẹgbẹ́ tí mo mọ̀. Ta ni yóò jẹ́ olórí? Tianyuan ní Shaolin lòun ti wá, pé ta ló mọ ohun tó ju tòun lọ níbẹ̀. Àwọn mọ́ńkì Hangzhou, tí wọ́n jẹ́ 18, gbọ́, inú bí wọn. Wọ́n yan ènìyàn 8 láàárín ara wọn pé kí wọ́n lọ kọ́ ọ lọ́gbọ́n. Tianyuan dúró sókè lórí pèpéle iwájú gbọ̀ngàn. Wọ́n ń gun àtẹ̀gùn bọ̀, ó ń fẹ̀ṣẹ́ gbá wọn sísàlẹ̀. Wọ́n yí gba ẹ̀yìn ilé wọlé, wọ́n kó idà dání. Bàbá yìí wò yíká, kò rí nǹkan kan, ó bá fa ọ̀pá gígùn tí wọ́n fi ń dábùú ìlẹ̀kùn yọ, ó sì fi ń gbá wọn gbalasa. Ènìyàn 8 pẹ̀lú idà, wọn ò lè wọlé tọ̀ ọ́. Olórí wọn, Yuekong, ló bẹ̀bẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n jọ lọ bá ajalèlókun. Wọ́n lé wọn títí, mọ́ńkì 4 péré ló kú lọ́dọ̀ tiwọn.

Ẹni tó kọ ìròyìn yìí sílẹ̀, Zheng Ruozeng, gbé ayé nígbà náà. Kò sí òmìrán níbẹ̀, kò sí òrìṣà. Ọ̀pá ìlẹ̀kùn ni.

Àmọ́ kí orí àwọn mọ́ńkì má baà wú jù, ọ̀gágun kan tó ń jẹ́ Yu Dayou yà kí wọn ní nǹkan bí ọdún 8 sí i. Òkìkí ọ̀pá wọn ti kàn án. Wọ́n ta ọ̀pá fún un wò. Ó wò títí, ó ní ìjìnlẹ̀ rẹ̀ ti sọnù lọ́wọ́ wọn. Ẹ wo àfojúdi! Ní Shaolin fúnra rẹ̀! Wọ́n kò jà, wọ́n bẹ̀ ẹ́ pé kó kọ́ àwọn. Ó kó ọ̀dọ́ mọ́ńkì 2 lọ sí gúúsù, ó kọ́ wọn fún ọdún 3. Nítorí náà, nígbà tí ẹnì kan bá sọ fún yín pé láti inú tẹ́ḿpìlì ni gbogbo ìjà ti ṣàn jáde lọ bá ayé, ẹ rántí pé omi ṣàn wọlé níbẹ̀ pẹ̀lú, láti ojú ogun.

Qi Jiguang, ọ̀gágun ẹgbẹ́ rẹ̀, tilẹ̀ le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó kọ ìwé ogun kan ní nǹkan bí 1560, ó ya àwòrán ìdúró 32 nínú ìjà ọwọ́ lásán síbẹ̀. Ó sì sọ ọ́ gbangba pé ìjà ọwọ́ lásán kò fi bẹ́ẹ̀ wúlò lójú ogun ńlá. Ara tó ń nà fún ọmọ ogun tuntun ni ire rẹ̀. Nígbà tó tún ìwé náà ṣe ní 1584, ó yọ orí ọ̀rọ̀ ìjà ọwọ́ kúrò pátápátá.

Ó yá, Damo. Mo mọ̀ pé ẹ rò pé mo ti gbàgbé.

Ìwé kan wà tó ń jẹ́ Yijin Jing, ti eré ìmárale. Ẹni tó gbé e jáde ní 1624 pe ara rẹ̀ ní Zining Daoren. Ó ní Damo ló kọ ọ́, pé nígbà tí bàbá náà lọ tán, inú ògiri tẹ́ḿpìlì ni wọ́n ti bá a nínú àpótí irin. Kí ẹnikẹ́ni má baà jiyàn, ó fi ọ̀rọ̀ ìṣáájú 2 síwájú rẹ̀. Ọ̀kan, ó ní Li Jing, ọ̀gágun ayé Tang, ló kọ ọ́ ní 628. Èkejì, ó ní Niu Gao, ọ̀gágun ayé ìdílé ọba Song, ló kọ ọ́ ní 1142.

Ẹ jẹ́ ká tú u bí ẹni tú gèlè. Nínú ti Li Jing, ó ní ìwé náà gba ọwọ́ akọni onírùngbọ̀n kan kọjá kó tó dé ọ̀dọ̀ òun. Akọni yẹn kò sí láyé rí! Inú ìtàn àròsọ ló ń gbé. Ẹni tó bá ka ìtàn àtijọ́ àwọn ará Ṣáínà mọ̀ ọ́n dáadáa. Nínú ti Niu Gao, èyí ló pa mí, Niu Gao ní ọmọ ogun lásán lòun, òun kò mọ̀wé. Ìyá Bísí, ẹ̀yin lẹ jẹ́ olùkọ́ níbí: ẹni tí kò mọ̀wé, ta ló bá a kọ ọ̀rọ̀ ìṣáájú? Ling Tingkan, ọ̀mọ̀wé kan tó gbé ayé láàárín 1757 sí 1809, ti rí àṣírí náà tipẹ́. Ó ní ìwé náà kò ju iṣẹ́ olùkọ́ abúlé aláìmọ̀kan lọ. Síbẹ̀ ènìyàn ò yé tà á, wọn ò yé rà á. Wọ́n ní amúkùn-ún, ẹrù rẹ wọ́; ó ní òkè lẹ̀ ń wò, ẹ ò wo ìsàlẹ̀.

Bí Shaolin ṣe ní Damo, bẹ́ẹ̀ ni àwọn tó ń ta ìjà ti òkè Wudang ní tiwọn: Zhang Sanfeng. Ní 1669, òǹkọ̀wé pàtàkì kan, Huang Zongxi, kọ ọ̀rọ̀ sójú oórì ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń jẹ́ Wang Zhengnan. Níbẹ̀ ló ti ní ìjà ti Shaolin jẹ́ ti òde, ìjà ti ọ̀rẹ́ òun jẹ́ ti inú, Zhang Sanfeng ló sì dá a sílẹ̀ láyé Song. Báwo? Ó sùn lóru, òrìṣà fi ìjà hàn án lójú àlá. Ilẹ̀ mọ́, òun nìkan pa olè tó lé ní 100. Èmi náà máa ń lálàá o, ìṣòro tèmi ni pé mi ò kì í rántí. Yàtọ̀ sí ti àlá, ọjọ́ orí bàbá náà ò bára mu: láyé ọba Yongle ti Ming, ní nǹkan bí 300 ọdún lẹ́yìn ayé tí Huang ní ó gbé, ọba ṣì ń rán ìránṣẹ́ káàkiri pé kí wọ́n bá òun wá a. Àwọn ọ̀mọ̀wé kan sì ní ọ̀rọ̀ ìṣèlú wà nínú rẹ̀. Huang kórìíra àwọn Manchu tó wá láti òde gba ìjọba. Ẹni tó bá fẹ́ bú àlejò tó gbà á nílé, tí kò sì fẹ́ kí wọ́n bẹ́ òun lórí, ó lè yí i sọ pé ti inú dára ju ti òde lọ.

Ìgbà tí gbogbo rẹ̀ bú gbàmù ni 1928. Ìjọba Ṣáínà dá ilé ẹ̀kọ́ ìjà ìbílẹ̀ kan sílẹ̀ ní Nanjing, wọ́n fi Zhang Zhijiang ṣe olórí rẹ̀. Wọ́n pín in sí ọ̀nà 2: ẹ̀ka Shaolin, ẹ̀ka Wudang. Ẹ ti mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí bá ara wọn jà títí wọ́n fi pa ẹ̀ka méjèèjì rẹ́ láìpẹ́. Ọdún yẹn kan náà ni ọ̀gágun kan, Shi Yousan, dáná sun tẹ́ḿpìlì Shaolin gidi. Wọ́n ní ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù kún un; àmọ́ ìwé tó jóná mọ́ ọn kò ní ẹwà tó lè dá a padà.

Ilé ẹ̀kọ́ Nanjing yìí ni Tang Hao wà, níbi tí wọ́n ti ń ṣètò ìwé. Amòfin ni, ó kàwé ní Japan, òun náà sì mọ ìjà. Kì í ṣe ẹni tó dúró lóde tó ń fẹnu tẹ́ńbẹ́lú. Ní 1930, ó gbé ìwé kan jáde lórí Shaolin àti Wudang. Ó tò ó bí amòfin ṣe ń to ẹjọ́: Damo kò dá ìjà sílẹ̀, Zhang Sanfeng kò dá ìjà sílẹ̀, ẹ̀rí rèé. Inú bí àwọn ọ̀gá. Kò sì yẹ kó má bí wọn, nítorí orúkọ bàbá ńlá ni wọ́n fi ń pe oníbàárà. Ìyá alágbo kan wà tó ń ta níwájú ọjà tiwa, ó ní ìyá ìyá ìyá òun ló gba àgbo jẹ̀díjẹ̀dí lọ́wọ́ àǹjọ̀nú; bí ẹ bá sọ fún un pé iwájú ilé ẹlòmíràn ló ti kọ́ ọ, ẹ ti ba ọjà rẹ̀ jẹ́, bẹ́ẹ̀ àgbo náà ń ṣiṣẹ́. Ohun tí Tang Hao ṣe fún wọn nìyẹn.

Kò dúró níbẹ̀. Ó gba abúlé Chen lọ ní Henan, ó lọ tú ìwé ìdílé wọn wò nípa taijiquan, ìjà pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ tí àwọn àgbàlagbà ń ṣe lówùúrọ̀. Ó ní Chen Wangting, ọmọ abúlé náà láyé ìparí ọba Ming, ló dá a sílẹ̀. Xu Zhen, ọ̀mọ̀wé ẹgbẹ́ rẹ̀, ní irọ́ ni, ẹ̀rí yẹn ò tó. Wọ́n fi ìwé bára wọn jà, ìjà náà ò sì tíì parí láàárín àwọn tó wá lẹ́yìn wọn. Ẹni tí mo fẹ́ràn jù nínú ọ̀rọ̀ taijiquan ni Li Yiyu. Ní 1867, ó kọ ọ́ pé Zhang Sanfeng ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ní 1881, ó tún un kọ: a kò mọ ẹni tó dá a sílẹ̀. Olùkọ́ tó gbójú gbóyà kọ irú ìyẹn sílẹ̀ nípa iṣẹ́ ara rẹ̀, ẹ bá mi kí i.

Mo fẹ́ dákẹ́ o, àmọ́ ẹ jẹ́ kí n fi ti obìnrin kan kún un. Àwọn tó ń kọ́ Wing Chun, ìjà tí Ip Man kọ́ Bruce Lee ní Hong Kong, ní mọ́ńkì obìnrin kan tó ń jẹ́ Ng Mui ló sá kúrò ní Shaolin tó dá a sílẹ̀. Ben Judkins àti Jon Nielson kọ ìwé lórí rẹ̀ ní 2015. Wọ́n tọpasẹ̀ màmá yìí, wọ́n bá a nínú ìwé ìtàn àròsọ ìparí àwọn ọdún 1800. Níbẹ̀, ẹgbẹ́ ọ̀tá Shaolin ló wà! Ẹ̀yìn náà ni àwọn òǹkọ̀wé mìíràn sọ ọ́ di ẹni rere. Obìnrin tí wọ́n fi sínú ìtàn náà, wọn ò jẹ́ kó mọ apá ibi tó wà.

Ẹ ò níí bi mí pé ìjà yìí, ṣé ayédèrú ni nígbà náà? Rárá o. Ohun tí Shahar rí ni pé ìparí ayé Ming ni ẹ̀ṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí gba ipò lọ́wọ́ ọ̀pá ní Shaolin, nígbà tí wọ́n pò ó mọ́ ìmí, ìwòsàn àti ẹ̀sìn. Ìbọn ti wà, ọmọ ogun kò nílò ẹ̀ṣẹ́. Ẹni tó ń jà ń tọ́jú ara rẹ̀ àti ẹ̀mí rẹ̀ ni. Ohun tó ti lé ní 400 ọdún kì í ṣe ohun àná. Kò nílò kí ẹnikẹ́ni fi ẹgbẹ̀rún ọdún irọ́ kún un.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ọmọ yín ń lọ kọ́ kung fu, ẹ jẹ́ kó máa lọ. Bí olùkọ́ rẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí sọ ti Damo, ẹ kí i dáadáa, kí ẹ sì béèrè lọ́wọ́ rẹ̀: “Ta ló kọ́ ẹ̀yin? Ta ló kọ́ ẹni tó kọ́ yín? Ọdún wo?” Ibi tó bá dáhùn dé ni kí ẹ kọ sílẹ̀. Ibẹ̀ ni ìtàn dé. Ìyókù, fíìmù ni.